Omi Kò Lọ́tàá: Kí Ni Ó Wá Ṣe Òun àti Epo?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé Takie, ní àárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọjọ́ tí ọjà kún. Ẹ wo obìnrin tí ń ta epo pupa yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn epo fún oníbàárà tán, epo sì ti ta sí i lọ́wọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ọmọ tí ń kiri oúnjẹ ti dé, ebi sì ń pa ìyá náà. Ó ki ọwọ́ bọ inú abọ́ omi, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó gbọn omi dànù, ó ní òun fẹ́ jẹun. Àmọ́ nígbà tí ó wo ọwọ́ rẹ̀, epo ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ńṣe ni omi ń yí gbiri lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ó bá yíjú sí ìsọ̀ kejì, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí ní ọṣẹ díẹ̀." Ọṣẹ kan epo, omi kan ọṣẹ, ọwọ́ sì mọ́ láú.

Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, nítorí náà a kì í bèèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò ó dáadáa, ó jọni lójú. Iyọ̀ le, omi sì ń yọ́ ọ kíá. Ṣúgà le, omi ń yọ́ òun náà. Epo tí ó rọ̀, tí ó ń ṣàn bí omi fúnra rẹ̀, òun gan-an ni omi kò rí ṣe. Àwọn àgbà sì sọ pé omi kò lọ́tàá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni epo fi ṣẹ omi?

Ẹ̀yin tíṣà mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé lè bèèrè irú ọ̀rọ̀ yìí nígbàkigbà, kò sì yẹ kí a dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni a bá a." Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí omi lè yọ́ àti ohun tí kò lè yọ́, ó ti mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ tí ó mọ́ jẹun, bí a ṣe ń mú májèlé kúrò nínú ẹ̀gẹ́, àti ìdí tí àwọn ẹlẹ́tàn fi ń rí àwọ̀ pò mọ́ epo pupa. Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

OMI FẸ́RÀN ARA RẸ̀

Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo kún fún àìmọye ẹyọ omi tí ojú kò lè rí. Ohun mẹ́ta ni ó para pọ̀ di ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ọ́síjìn kan àti háídírójìn méjì. Àmọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pín nǹkan dọ́gba. Ọ́síjìn a máa fa agbára iná tí ó wà láàárín wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní irú iná kan, ọ̀dọ̀ àwọn háídírójìn sì ní irú kejì. Irú kìíní àti irú kejì a sì máa fa ara wọn. Báyìí ni ọ̀dọ̀ ọ́síjìn ẹyọ kan ṣe ń di ọ̀dọ̀ háídírójìn ẹyọ mìíràn mú, tí gbogbo wọn fi dà bí àwọn tí ó di ara wọn lọ́wọ́ mú níbi ijó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú agbo ijó yìí, ó ní láti ní ọwọ́ tí a lè dì mú. Iyọ̀ ní in: ẹ̀yà méjì ni iyọ̀, ọ̀kan ní irú iná kìíní, èkejì ní irú iná kejì, omi a sì yí olúkúlùkù wọn ká, a fà wọ́n ya. Ṣúgà kò ní iná bí iyọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ púpọ̀. Ẹyọ ṣúgà tí a fi ń mu tíì ní ọwọ́ mẹ́jọ tí ó dà bí ọwọ́ omi gẹ́lẹ́, èyí tí a fi ọ́síjìn àti háídírójìn ṣe. Ògógóró náà ní ọwọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kúrú, nítorí náà omi a gbà á wọlé, ì báà pọ̀, ì báà kéré. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá bu omi lu ọtí fi ń mú un jẹ, tí ẹni tí ó bá bu omi lu kẹrosíìnì kò fi lè bò ó. Kẹrosíìnì kò ní ọwọ́ kankan, omi á sì wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò kí gbogbo ayé lè rí i.

ÌRÙ EPO GÙN JU ỌWỌ́ RẸ̀ LỌ

Epo wá ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan wà tí ń jẹ́ Michel Chevreul, tí a bí ní 1786, tí ó sì lo ọdún 102 láyé. Òun ni ó tú àṣírí ọ̀rá àti epo, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1823. Ó fi hàn pé àwọn ásíìdì kan ni ó so pọ̀ mọ́ ohun dídùn kan tí à ń pè ní glísárìn, tí wọ́n fi di ọ̀rá. Ásíìdì kọ̀ọ̀kan ní orí kan tí ó ní ọwọ́, àti ìrù gígùn kan tí kábọ́nì àti háídírójìn nìkan wà nínú rẹ̀. Ìrù yìí kò ní ọwọ́ rárá. Kẹrosíìnì ni ó jọ.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo pupa ń jẹ́ palmitic acid, orúkọ ọ̀pẹ gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́. Kábọ́nì 16 ni ó tò tẹ̀léra nínú rẹ̀. Ẹ wá fi wé fínígà. Ásíìdì tí ó wà nínú fínígà jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, orí kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n kábọ́nì méjì péré ni ti fínígà. Omi gba fínígà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì kọ ti epo. Ọwọ́ kan lè fa ara kúkúrú wọ inú omi, ṣùgbọ́n kò lè fa ìrù tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó tún burú ni pé, nínú epo, orí náà kò sí lómìnira. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ ẹyọ glísárìn kan, bí ẹran mẹ́ta tí a so mọ́ èèkàn kan. Ọwọ́ tí ì bá di omi mú ti há síbẹ̀. Ìrù mẹ́ta ni ó kù tí ó ń fì.

Nítorí náà, kì í ṣe pé omi kórìíra epo. Omi kò bá epo jà rí. Ọwọ́ ara wọn ni àwọn ẹyọ omi kò fẹ́ jọ̀wọ́ nítorí àlejò tí kò ní ohun tí yóò fi bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n sún mọ́ ara wọn, wọ́n ti epo sẹ́gbẹ̀ẹ́, epo náà sì kó ara rẹ̀ jọ. Nítorí pé epo fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ni ó ń lé sí. Òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ: omi kò lọ́tàá. Àìní ọwọ́ ni ìṣòro epo.

EÉRÚ YÁ EPO LỌ́WỌ́

Bí ó bá jẹ́ pé àìní ọwọ́ ni, ṣé a kò lè wá ọwọ́ fún epo? Àwọn ìyá wa ti ṣe é, kí á tó rí ìwé Chevreul kà. Ẹ ronú sí bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú. Wọn á sun èèpo kòkó, tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tàbí ìdì ẹyìn tí a ti gún ẹyìn inú rẹ̀ jáde, títí yóò fi di eérú. Wọn á kó eérú sínú ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí, wọn á da omi lé e lórí, omi á sì máa kán tó-tó-tó sí ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí a máa ta ènìyàn lára. Wọn á pò ó mọ́ epo tàbí àdín, wọn á gbé e kaná, wọn á máa rò ó títí yóò fi dì.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà? Eérú igi àti èèpo wọ̀nyí kún fún ohun tí à ń pè ní pọ̀táṣì. Omi eérú gé okùn tí ó so ásíìdì mẹ́ta mọ́ èèkàn glísárìn. Glísárìn bọ́ sí ọ̀tọ̀. Orí ásíìdì kọ̀ọ̀kan wá di òmìnira, ó sì gba iná bí iyọ̀ ti ní iná. Ohun tí ó jáde kì í ṣe epo mọ́. Ó ti di ẹ̀dá olójú méjì: orí rẹ̀ bá omi ṣe, ìrù rẹ̀ bá epo ṣe. Òun ni ọṣẹ. Bí a bá lo kọ́sítíìkì sódà dípò eérú, ọṣẹ tí ó le ni yóò jáde, irú èyí tí a ń gé sí ìgàn. Ti eérú a máa rọ̀. Ìṣẹ́ kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ẹ̀rọ ṣe. Ní 1923 ni a dá ilé-iṣẹ́ Lever Brothers sílẹ̀ ní Nàìjíríà fún ọṣẹ, òun ni ó di Unilever Nigeria. Iná wọn pọ̀, ìkòkò wọn tóbi, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò yàtọ̀ sí ti ìyá tí ń rò ọṣẹ lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì bu ọṣẹ fún ẹlẹ́po, ìrù ọṣẹ ki ara bọ inú epo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí wọn sì kọjú síta sí omi. Epo já wẹ́wẹ́, ọṣẹ yí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ká, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì di kìkì ọwọ́. Omi rí ohun tí yóò dì mú, ó gbé e lọ. Èyí náà ni ó fà á tí ọṣẹ kì í fi í hó nínú àwọn omi kànga kan. Omi bẹ́ẹ̀ ti yọ́ kálísíọ́mù láti inú ilẹ̀, kálísíọ́mù a sì gba ọwọ́ ọṣẹ mú kí ó tó kan ìdọ̀tí, àwọn méjèèjì á di ẹ̀gbin funfun tí ń lẹ̀ mọ́ agbada.

ARÓ GBA ỌWỌ́, Ó SÌ DÁ A PADÀ

Iṣẹ́ omi eérú kò pin sí ara ọṣẹ. Ẹ wo aṣọ ẹtù tí àwọn ará Ìṣẹ́yìn ń hun, tí ó dúdú bí ọ̀run òru. Aró ni a fi rẹ òwú rẹ̀, ewé ẹ̀lú ni a sì fi ṣe aró. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọ̀ aró fúnra rẹ̀ kò lè yọ́ nínú omi. Báwo ni ó ṣe wá wọ inú òwú?

Aláró a máa fi omi eérú pò ó, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó lè kan. Àwọn kòkòrò tín-tín-tín inú ìkòkò á yí ẹyọ aró padà, ọwọ́ rẹ̀ á ṣí, omi eérú á sì jẹ́ kí ó yọ́. Nígbà náà kò dúdú mọ́, ó pọ́n bí ewé tí ń rọ. Aláró ki aṣọ bọ̀ ọ́, àwọ̀ náà sì bá omi wọ inú òwú lọ. Bí ó bá yọ aṣọ síta, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ọ́síjìn inú atẹ́gùn á tún ti ọwọ́ náà pa. Lójú ẹni báyìí ni aṣọ ń di dúdú. Aró ti padà di ohun tí omi kò lè yọ́, inú òwú ni ó sì há sí. Ìdí nìyí tí a fi ń fọ ẹtù títí tí kì í fi í ṣí kíákíá. Àwọn aláró mọ ìgbà tí ó yẹ kí ohun yọ́, wọ́n sì mọ ìgbà tí kò yẹ.

OHUN TÍ Ó KAN Ẹ̀MÍ WA

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wá padà sí abọ́ omi tí ó wà ní Takie. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí gbogbo wa rántí. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, 2014, àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti inú ọkọ̀ òfurufú. Ogún ènìyàn ni ó mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ sì kú nínú wọn kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 2020, Kòrónà dé. Nígbà méjèèjì, ohun tí wọ́n ń pariwo sí wa létí ni pé kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò Ẹ̀bólà, ti Kòrónà àti ti ibà Lassa, ẹ̀wù ọ̀rá ni gbogbo wọn wọ̀. Omi nìkan kò lè bọ́ ẹ̀wù náà. Ìrù ọṣẹ ni ó ń wọ inú rẹ̀, tí ń fà á ya, kòkòrò náà á sì fọ́. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo kòkòrò àrùn ni ó wọ ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù, ọṣẹ á ká wọn kúrò pẹ̀lú epo àti ìdọ̀tí tí wọ́n lẹ̀ mọ́, omi á sì gbé wọn lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ omi lásán kí ó tó jẹun, ọwọ́ ni ó rẹ sómi, kò tí ì fọ̀ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, tí ó kan Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ gan-an, níbi tí a ti ń jẹ gàrí àti láfún. Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù tí ó ń jẹ́ sáyánáìdì. Nínú iṣu ẹ̀gẹ́, ó so mọ́ ẹyọ ṣúgà kan, ṣúgà yìí ni ó sì yá a ní ọwọ́ tí omi lè dì mú. Oore ńlá ni èyí. Bí a bá rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí tí a rin ín, tí a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù, májèlé á já kúrò lára ṣúgà, apá kan á bá omi lọ, apá kan á sì fẹ́ lọ sínú atẹ́gùn nígbà tí a bá ń yan gàrí. Ẹni tí ó ń kánjú kó láfún dé ọjà, tí ó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan péré, májèlé ni ó ń tà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kọ̀wé ní 1968 lórí àrùn iṣan kan tí ń mú àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, tí ẹsẹ̀ wọn kì í dúró ṣinṣin mọ́, ó sì so ó mọ́ sáyánáìdì inú oúnjẹ wọn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ẹlẹ́po. Pípọ́n tí epo ń pọ́n, ohun rere ni. Àwọn ohun tí ń pọ́n nínú rẹ̀ kò ní ọwọ́ fún omi, inú epo ni wọ́n ń gbé, ara wa sì ń sọ wọ́n di fítámì A tí ojú fi ń ríran. Ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́ tí a fi epo díẹ̀ sè fi ń ṣe ara lóore ju èyí tí a kàn bọ̀ lọ. Fítámì C ní tirẹ̀ fẹ́ràn omi, nítorí náà ẹni tí ó bọ ẹ̀fọ́ tí ó da omi rẹ̀ nù, ó ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́tàn kan mọ ọgbọ́n yìí, wọ́n sì fi í ṣe ibi. Bí epo wọn bá ṣá, wọ́n ń wá àwọ̀ tí yóò mú un pọ́n. Àwọ̀ tí a ń fi sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò wúlò fún wọn, nítorí omi ni ó ń yọ́ ọ. Àwọ̀ tí epo ń yọ́ ni wọ́n ń wá, irú èyí tí a ṣe fún ìdà àti òróró tí a fi ń kun nǹkan, tí a kò ṣe fún ẹnu. Ní 2015, àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Gáná rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ń jẹ́ Sudan IV, nínú epo pupa ní àwọn ọjà Àkàrá, olú-ìlú wọn. Àjọ NAFDAC náà ti kìlọ̀ fún wa nílé. Oníṣòwò olóòótọ́ kì í kun epo, ẹni tí ó sì mọ iyì orúkọ rẹ̀ a máa mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun ti ń ra epo.

FÚN ẸYIN TÍṢÀ

Ẹ lè fi èyí han àwọn ọmọ ní kíláàsì láìná owó. Ẹ bu omi sínú ife mẹ́ta. Ẹ fi iyọ̀ sí ọ̀kan, epo sí èkejì, epo àti ọṣẹ sí ẹ̀kẹta, kí ẹ ro gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ wọ́n ata gbígbẹ lílọ̀ sí ojú rẹ̀, kí ọmọ kan fi ìka tí ó ní ọṣẹ kan àárín omi náà. Ata á sá lọ sí etí abọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọṣẹ ti tú ọwọ́ tí omi fi di ara rẹ̀ mú ní ojú ibẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí i kò ní í gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ń ta oúnjẹ, láti Takie dé Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ má ṣe gbé abọ́ omi nìkan síwájú oníbàárà mọ́. Ẹ gbé ọṣẹ tì í, kí ẹ sì máa bu omi sí i lọ́wọ́, kí ogún ènìyàn má baà ki ọwọ́ bọ omi kan náà. Omi kò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ́wọ́ ni ó ń fà lọ́wọ́. Ọṣẹ ni yóò yá ìdọ̀tí ní ọwọ́, kí omi lè fà á jáde kúrò lára wa.